Orúkọ Tí Mo Fún Àwọn Òdòdó Màdáàmù

Mo mọ orúkọ òdòdó mẹ́rìnlélógójì ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti fi orúkọ mi pè mí. Màríì ni mò ń jẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo yí ẹ̀sìn padà o. Ọmọ mùsùlùmí Àjàṣẹ́ ni mí, bàbá mi rán aṣọ fún àwọn àlùfáà àdúgbò wa títí ojú rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Màdáàmù tí mo tọ́jú ní Faransé ló sọ mí ní Màríì. Ọmọbìnrin tó ṣiṣẹ́ fún un ṣáájú mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ní òun ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò tún máa há orúkọ tuntun sórí. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí èmi bẹ̀rẹ̀ sí í há orúkọ òdòdó sórí.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò fi "wọ́n" pè é bí a ṣe ń pe àgbà. Mo fi pè é ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wẹ̀ fún un. Ó tó gẹ́ẹ́.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tó ti rin irú ìrìn náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín, kó dúpẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé mo fi ọmọ mi obìnrin, Múnírátù, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá zẹ́mì tó gùn ní ọ̀nà Akpro-Missérété, òun àti ẹni tó ń wa alùpùpù náà kò sì dìde mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Adjarra jẹ́ kó yé mi pé ilé àwọn kò gba opó àti ọmọ ọwọ́. Mo sọ fún ìyá mi pé ọdún méjì ni màá lò, lẹ́yìn náà màá wá mú ọmọ mi. Ọdún méje ni mo lò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Igi ni. Oṣù kejì ọdún ni mo débẹ̀, gbogbo igi ìlú náà sì dúró ní dúdú láìní ewé kan ṣoṣo. Mo rò pé iná ló jó wọn. Mo bi obìnrin ará Tógò tí mo ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá ogun ti jà níbẹ̀ láìpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé tí àwọn igi náà tún yọ ewé, inú mi kò dùn sí i. Mo ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, bíróò, ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì, ni mò ń nù, ní kùtùkùtù kí àwọn tó ni ín tó dé. A kì í rí wọn, wọn kì í rí wa. Ìgbà kan wà, lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ obìnrin ará Tógò náà, tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí mo wá fẹ́ ra búrẹ́dì, ohùn mi kọ̀, kò jáde. Obìnrin tó ń tà á rò pé odi ni mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe fún mi. Mo jẹ́ kó máa júwe, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fara balẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sọ́wọ́ Màdáàmù. Ó ti ṣe olùkọ́ rí, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n wẹ̀ ẹ́, kí n wọṣọ fún un, kí n se oúnjẹ tí kò ní iyọ̀, kí n sì fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í lọ sí ọgbà ìlú tó wà ní ìkọjá òpópó kejì, láràárọ̀ tí òjò kò bá pọ̀ jù. Ọgbà náà lẹ́wà, n kò ní purọ́. Wọ́n gbin òdòdó sí i ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì fi pátákó kékeré kọ orúkọ sí ìdí wọn. Màdáàmù á ní kí n kọ́kọ́ yí pátákó náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà á na ọ̀pá rẹ̀ sí òdòdó kan. "Èyí ńkọ́, Màríì?"

N kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Pupa ni, tàbí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ibi tí òye mi mọ nìyẹn. Á wá yí sí àwọn arúgbó tó jókòó sórí àga ọgbà, á sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, pé ó ti pé ọdún méjì tí ẹni yìí ti dé Faransé, kò sì mọ òdòdó tó ń jẹ́ jọ̀ǹkíì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá mi káàánú, ìyẹn ló tún burú jù.

Ìwé ló jẹ́ kí n máa fara dà á. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú bíi tèmi, agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ìjọba pé òun nílò rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Bí mo bá rí ìwé náà, mo lè lọ sí Àjàṣẹ́ kí n sì padà, mo sì lè bẹ̀rẹ̀ ètò láti mú Múnírátù wá. Bí n kò bá rí i, bí mo bá fi lè lọ wo ọmọ mi, n kò ní padà mọ́, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ á di òfo. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo kọ ohun tó yẹ sí i, mo kúnlẹ̀ níwájú Màdáàmù bí a ṣe ń ṣe nílé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpótí tábìlì rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí o bá ka gbogbo òdòdó inú ọgbà yẹn fún mi láìṣì ọ̀kan, lọ́jọ́ náà ni màá buwọ́ lù ú," ó ní. "Ẹni tí kò mọ ohun tó ń hù ní ìlú kan, kí ló fẹ́ fi ìlú náà ṣe?"

Ìgbà ìrúwé àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò mọ ju mẹ́wàá lọ. Orúkọ wọn kò dúró sí mi lórí. Ọjọ́ kan wà tí òjò wẹliwẹli ń rọ̀, òun wà lábẹ́ agbòjò, èmi dúró sínú òjò níwájú rẹ̀, ó ní a kò ní kúrò níbẹ̀ títí n ó fi rántí orúkọ kan. N kò rántí. Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú kí òtútù tó mú òun náà tó ní ká máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé lórí Wasáàpù. Mo máa ń fi fọ́tò àwọn òdòdó náà ránṣẹ́ sí ìyá mi, nítorí pé ọgbà ni iṣẹ́ àwọn náà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní lekọ́ọ̀lù, nílé ìwé, ni ìyá mi ti ń gbálẹ̀ nínú ọgbà ìjọba ní Àjàṣẹ́, lábẹ́ àwọn igi àtijọ́ tí ọ̀bọ ń gùn. Mo sọ ọ́ báyìí bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń bọ̀ láti lekọ́ọ̀lù, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà kí wọ́n má baà mọ̀ pé ìyá mi ni obìnrin tó tẹ̀ ba yẹn. N kò wọ ọgbà náà rí láti bá ìyá mi ṣeré. N kò béèrè orúkọ ewé kan lọ́wọ́ wọn rí.

Ìyá mi wo fọ́tò jọ̀ǹkíì, wọ́n ní ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo ní rárá. Ṣé wọ́n ń fi ṣe oògùn? Mo ní rárá, májèlé ni. Ìyá mi ní kí wá ni wọ́n ń bomi rin ín fún. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún wọn, bí Màdáàmù ṣe ń fi orúkọ òdòdó dá mi lóró.

"Ilé ọkọ lo wà yẹn," ìyá mi ní. "Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Sọ wọ́n lórúkọ tìrẹ ná. Bó o bá ti mọ̀ wọ́n lójú, orúkọ àbísọ wọn á tẹ̀ lé e."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nílé ọkọ mi ní Adjarra, n kò pe àbúrò ọkọ mi kankan lórúkọ rí, títí dé orí ọmọ jòjòló tí wọ́n bí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìgbéyàwó wa. Ẹni tó ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, àgbà ìyàwó ni, orúkọ ẹ̀yẹ ni ìyàwó fi ń pè é. Èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn, Òpéléngé ni mo pè é. Èyí tó ń lọ sí lekọ́ọ̀lù, Akọ́wé. Inú wọn dùn sí orúkọ náà ju sí èmi tí mo sọ wọ́n lọ.

Nítorí náà mo ṣe ìyàwó fún àwọn òdòdó. Wọ́n kúkú ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Funfun kékeré tó máa ń yọ nígbà tí yìnyín kò tíì tán nílẹ̀, tó tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n bá wí, mo sọ ọ́ ní Onítìjú. Tulíìpù di Adúróṣánṣán. Jọ̀ǹkíì tí ẹnu rẹ̀ yọ síta bíi ti fèrè, Onífèrè. Jasẹ́ǹtì tí òórùn rẹ̀ ń ta síni nímú láti òkèèrè di Oníturàrí. Màńyólíà kì í dúró kí ewé rẹ̀ yọ kó tó tanná, ìhòòhò ló ń jáde síta, mo pè é ní Arìnhòòhò. Pẹ̀ńsé ní ojú bí ojú ènìyàn, ojú náà sì ní ìlà, nítorí náà Alábàjà ni. Ọ̀kan wà létí omi, tí ara rẹ̀ ní àmì tótòtó bíi ti ẹyẹ ẹtù, bí aṣọ tí wọ́n máa ń kó jáde nínú àpótí nílé bàbá mi fún ìsìnkú àgbà. Aṣọ-Ẹtù. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Láràárọ̀ mo máa ń kí wọn bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́, lẹ́nu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màdáàmù ní kí ni mò ń sọ, mo ní àdúrà ni. Kò gbà. Nígbà tó yá mo sọ fún un. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, ó sì fi mí ṣẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òun náà ti ń pè wọ́n. Etí rẹ̀ mú púpọ̀. Ó pe Adúróṣánṣán bí ẹni tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́. Ó béèrè ìdí tí mo fi pe pẹ̀ńsé ní Alábàjà, mo sì fi ìka fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi láti ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó rẹ́rìn-ín níṣojú mi tí kì í ṣe èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kò parọ́. Ní ìgbà ìrúwé kejì, àwọn orúkọ Faransé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé orúkọ tí mo sọ wọ́n. Ní ìgbà ìrúwé kẹta mo ka gbogbo rẹ̀, mẹ́rìnlélógójì, láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi, láìṣì ọ̀kan. Arúgbó tó máa ń bá mi káàánú pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Orúkọ tí ará ọjà ń pè wọ́n nìyẹn," Màdáàmù ní. "Wọ́n ní orúkọ ní èdè Látíìnì. Ọ̀la ni a ó bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pe ilé. Múnírátù ló gbé pọtábù, fóònù ìyá mi, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́fà àbọ̀, eyín rẹ̀ méjì ti yọ níwájú. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Tàǹtí." Mo ní kì í ṣe Tàǹtí, n kì í ṣe àǹtí rẹ̀, Màmá ni. Ó wò mí láti inú pọtábù náà pẹ̀lú sùúrù. "Màmá ń wẹ̀," ó ní. "Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ pè?"

Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìlú òkèèrè ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mò ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mò ń fi ọwọ́ ara mi gbé e kalẹ̀, mo sì ń sọ pé mò ń bọ̀ wá gbé e. Bí mo bá wà ní Faransé, wọ́n á bi mí níbo ni mo ti wá. Bí mo bá pe ilé, wọ́n á bi mí ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí mo wà.

Màdáàmù ní ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní ìlú mìíràn, tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì. Mùsíyọ̀ ni mo ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó bá mi nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, ojú ń tì í, ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù mi, bó bá jẹ́ tòun ni, òun ìbá ti buwọ́ lù ú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá òun ló ń ṣe ìwé ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a ṣe é, àfi bí adájọ́ bá sọ pé orí rẹ̀ kò pé mọ́. Ó sọ ọ́ láìní ìdí kankan nínú. Èmi gbọ́ ọ, mo sì tọ́jú rẹ̀.

Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ dí níbì kan nínú ọpọlọ Màdáàmù. Kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì sá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, ó mọ ohun tó fẹ́, ó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á máa wá a bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Orúkọ òdòdó ló kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí dókítà gbà pé kí n tún máa gbé e lọ sí ọgbà, a débi funfun kékeré tó tẹrí ba yẹn, mo sì bi í bó ṣe máa ń bi mí. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Onítìjú," ó ní.

Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Faransé ti lọ, Látíìnì ti lọ, orúkọ ìyàwó ló ṣẹ́ kù sí i lórí. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ohun tí ènìyàn kọ́ gbẹ̀yìn lè má sí níbi tí ti àtijọ́ wà nínú ọpọlọ. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ni mo ń bi í. Mo máa ń ní, "Ẹ pè é ní Faransé, Màdáàmù," màá sì dúró. Ojú rẹ̀ á pọ́n, òógùn á bọ́ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù. Ọjọ́ kan òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo mú agbòjò lọ́wọ́. Mo ṣí i sórí ara mi, mo dúró. Kì í ṣe pé ó pẹ́ púpọ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ ni, ó sì mọ̀, nítorí kò bẹ̀ mí. Nígbà tí a délé mo nu irun rẹ̀ gbẹ dáadáa, mo fún un ní tíì gbígbóná.

Àwọn ènìyàn lè béèrè bóyá ó dùn mí. Inú mi dùn. N kò ní jókòó síbí kí n máa parọ́ fún yín.

Mo mú fọ́ọ̀mù náà jáde nínú àpótí tábìlì, mo fi bíìkì ìkọ̀wé sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó wo ìwé náà, ó wò mí. Gbogbo ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, n kò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i tàbí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan jáde, ó mọ́ gaara.

"Látíìnì," ó ní, ó sì ju bíìkì náà sílẹ̀.

Mùsíyọ̀ dé ní ọjọ́ Àìkú kan tí oòrùn ràn, tí ọgbà náà kún fọ́fọ́. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé dókítà ti bá òun sọ̀rọ̀, pé wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí adájọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí òun tó gbà. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà dé ìdí tulíìpù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Mamá, kí lorúkọ èyí?"

Màdáàmù gbé orí sókè. Mo rí i bó ṣe ṣe ara rẹ̀ gírí, bí ọmọ lekọ́ọ̀lù tí wọ́n pè níwájú ọ̀gá. Ó ní, "Adúróṣánṣán." Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí pẹ̀ńsé. Ó ní, "Alábàjà." Ó nawọ́ sí jasẹ́ǹtì. "Oníturàrí." Kò ṣi ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ó ń bojú wò mí, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí kí n sọ pé ó gbà á. Ojú Mùsíyọ̀ ti fà ro. Ó dìde, ó sún mọ́ mi.

"Màríì, ṣé èdè kan nìyẹn? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ?"

Gbólóhùn kan ló kù. Bí mo bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mùsíyọ̀, èdè mi ni, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà," ọ̀rọ̀ adájọ́ á tún di ọjọ́ mìíràn, fọ́ọ̀mù mi á padà sínú àpótí tábìlì. Mo rí Múnírátù lójú mi, tó ń sọ pé Màmá ń wẹ̀.

"Rárá, Mùsíyọ̀," mo ní. "Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Màdáàmù gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó wò mí, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń nà án sí òdòdó, ó ń pè wọ́n ní kíákíá, Onífèrè, Arìnhòòhò, Ẹyinjú-ẹgé, gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé bó bá ti pọ̀ tó ni wọn ó gbà á gbọ́. Bó ṣe ń pè wọ́n sí i ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ọmọ rẹ̀ gbé orí lé e lórí itan, ó ń sunkún. Èmi di kẹ̀kẹ́ náà mú kó má baà yí.

Wọ́n gbé Màdáàmù lọ sí ilé àwọn arúgbó kí oṣù náà tó tán. Adájọ́ fi ìwé rẹ̀ sí ọwọ́ Mùsíyọ̀, Mùsíyọ̀ sì fi mí sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, kí n máa nu ilé náà títí tí yóò fi rí ẹni tó máa rà á, ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun kò lè gbàgbé bí mo ṣe ṣe dáadáa sí ìyá òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí káàdì ìgbélùú mi jáde, ìgbà ìrúwé mìíràn ti dé. Kí n tó lọ sílé, mo lọ wo Màdáàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo já Aṣọ-Ẹtù kan nínú ọgbà, ohun tí òfin kò gbà, mo gbé e lé e lórí aṣọ ìbora. Ó ti rù. Ó wo òdòdó náà fún ìgbà pípẹ́.

"Aṣọ-Ẹtù," ó ní. Ohùn rẹ̀ pé. Ó wá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá a dà nù sílẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Mo ṣà á, mo jù ú sínú ike ìdọ̀tí lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń jáde.

Mo dé Àjàṣẹ́ nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Múnírátù kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Tàǹtí." Ó gba bàtà tí mo rà fún un, ó sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò pé òun àti wọn ti ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ pípẹ́: Tàǹtí Pọtábù. Mo rẹ́rìn-ín sí i níṣojú wọn. Ìyàwó ló máa ń sọ ará ilé lórúkọ. Nílé wa, ará ilé ló sọ mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní. Mo ti sọ fún ìyá mi pé ìwé ti wà, pé lọ́dún tó ń bọ̀ ọmọ mi á máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tètè jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà kò sùn sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ló ń sùn, n kò sì fipá mú un.

Ọjọ́rú tó kẹ́yìn, kò sí lekọ́ọ̀lù lọ́sàn-án, mo tẹ̀ lé Múnírátù lọ sí ọgbà ìjọba níbi tí ìyá mi ti ń gbálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé. Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Mo mú pọtábù mi jáde, mo fi àwọn òdòdó mi hàn án, mo ń pe orúkọ wọn ní Faransé, mo ń sọ ìtàn Onítìjú àti Alábàjà. Ó fi ọ̀wọ̀ wò wọ́n títí mo fi parí.

"Ti ibí ńkọ́, Tàǹtí?" ó ní.

Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi ewé gbàgàdà kan tó tan òdòdó pupa. Ó ní kí ni. N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìdò ni, pé kóró rẹ̀ ni wọ́n ń sín sára ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó fi òmíràn hàn mí tí kò tíì ṣí, ó ní tannáposó ni, ìrọ̀lẹ́ ló ń tanná, Màmá òun ló kọ́ òun. Ó na ọwọ́ sí ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. N kò mọ ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ewé wẹ́wẹ́ kan, ó pa ara rẹ̀ dé, mo sì yára sọ pé patanmọ́ nìyí.

"Gbogbo ènìyàn ló mọ patanmọ́," Múnírátù ní.

Obìnrin kan wà lẹ́bàá ibẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà, àlejò ni ní àdúgbò náà, gbígbọ́ ló gbọ́ nípa wa. Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó bi ọmọ náà bóyá ìyá rẹ̀ tó wà ní Faransé ló dé.

"Rárá," Múnírátù ní. "Màmá mi ló ń gbálẹ̀ yẹn. Tàǹtí Pọtábù nìyí."

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ obìnrin náà lójú. Ó kọjú sí ìyá mi, tí kò jìnnà sí wa ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá?"

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wò mí. Gbólóhùn kan ló kù. Mo rí i tó dé ẹnu wọn.

"N kò mọ ohun tó ń sọ," ìyá mi ní, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbá ewé.

Èmi náà lẹ́nu. Mo lè sọ ọ́ fúnra mi. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ojú ẹni ṣe máa ń rí, bó bá ń pe ohun tó tọ̀nà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á gbọ́, mo ti dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wò ó rí. Múnírátù ní tirẹ̀ rò pé àwọn òdòdó náà ló jẹ́ kí ojú mi dà bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ kékeré gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, Tàǹtí," ó ní. "Ẹ lọ há wọn sórí. Màá tún bi yín lọ́la."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọjọ́ kejì, ní àárọ̀, ni ọkọ̀ òfuurufú mi gbéra ní Kùtọnu.